“Ṣebí èmi ni mo ni aṣọ?”: Owó iṣẹ́ àti ohun tí oníbàárà ń retí nínú quilt àkànṣe

Aránṣọ kan tó ń ṣe quilt, ìyẹn ìbora onípele mẹ́ta tí a fi ègé aṣọ rán iwájú rẹ̀, tí òwú wà láàárín, tí aṣọ mìíràn sì wà lẹ́yìn, kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn. Ó ní:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń ṣe quilt, pàápàá irú èyí tí àwọn ènìyàn máa ń fi aṣọ ìyá tàbí bàbá wọn tó ti lọ ṣe fún ìrántí. Obìnrin kan kó aṣọ ìyá rẹ̀ mẹ́sàn-án wá: ankara, àdìrẹ, léèsì kan, àti bùbá sátíìnì kan. Ó fi fọ́tò hàn mí lórí fóònù pé irú rẹ̀ lòun fẹ́, fún bẹ́ẹ̀dì 6 ní 6. Ó san ₦15,000 sílẹ̀, mo ní a óò sọ ìyókù tí mo bá ṣe é tán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe é. Aṣọ ẹ̀yìn, òwú àárín, gum stay (èyí tí a ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ), òwú ìránṣọ àti epo jẹnẹrétọ̀ gba ₦38,000 lọ́wọ́ mi. Mo ní kó jẹ́ ₦45,000. Ó ní ₦25,000 lòun máa san lápapọ̀, pé, ‘Ṣebí èmi ni mo ni aṣọ? Kí lo tún rà?’ Ó tún ní kò jọ ti fọ́tò, pé kò wú. Àgbà ni nínú ìjọ wa, mi ò lè bá a jà. Níbo ni mo ti ṣì í ṣe? Báwo ni ẹ ṣe máa ń dá owó lé irú iṣẹ́ yìí?”

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú bírò. Iye tó ká mi lára jù níbẹ̀ kì í ṣe ₦25,000 tí obìnrin yẹn fẹ́ san. ₦7,000 ni. Ìyẹn ló kù tí a bá yọ ₦38,000 tí o ná kúrò nínú ₦45,000 tí ìwọ fúnra rẹ béèrè. Ká tiẹ̀ ní kò jiyàn rárá, tó ka owó náà sí ọ lọ́wọ́ pé perepere tó sì ṣàdúrà fún ọ, ₦7,000 lo máa jẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìjà méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan wà láàárín ìwọ àti oníbàárà, èkejì wà láàárín ìwọ àti ìṣirò ara rẹ. Èkejì yìí ni ká kọ́kọ́ parí, torí ẹni tí kò mọ iye tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, ohùn rẹ̀ máa ń gbọ̀n tó bá fẹ́ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, oníbàárà sì máa ń gbọ́ gbígbọ̀n yẹn.

Kí n tó dé ibẹ̀, má ṣe rò pé ìkà ni obìnrin yìí, tàbí pé ó fẹ́ rẹ́ ọ jẹ. Ohun tó mọ̀ ló fi díwọ̀n rẹ. Nílẹ̀ wa, bí a bá gbé aṣọ lọ bá télọ̀, aṣọ ti wà, owó rírán la máa san. Ó mọ iye tí wọ́n ń rán ìró àti bùbá, ó fi díẹ̀ lé e, ó sì gbà pé òun ti ṣe dáadáa sí ọ. Lójú rẹ̀, aṣọ mẹ́sàn-án ló gbé wá, aṣọ kan ló sì gbà padà. Ibo lowó ńlá ti wọ̀ ọ́? Ohun mìíràn tún wà tí a kì í fẹ́ sọ jáde: lójú ọ̀pọ̀ nínú wa, àbùlẹ̀ àti òṣì ni wọ́n jọ ń rìn. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá ya tí kò rówó ra òmíràn ló ń lẹ̀ ẹ́. Bí o bá wá ní kí ènìyàn san owó gọbọi lórí aṣọ tí a gé wẹ́wẹ́ tí a tún rán pọ̀, ọkàn rẹ̀ á kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Èmi máa ń rán wọn létí pé aṣọ òkè tí wọ́n fi ń ṣọlá, ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a rán mọ́ ara wọn ni. Ẹ̀kú egúngún tí gbogbo ilé ń dọ̀bálẹ̀ fún, aṣọ lórí aṣọ ni, tí ẹbí ń fi tuntun kún un láti ọdún dé ọdún. Aṣọ tí a tò pọ̀ kì í ṣe ohun àjèjì sí Yorùbá, kò sì tíì di ohun yẹpẹrẹ rí nígbà tó bá jẹ́ pé ìrántí ẹni wa ló wà nínú rẹ̀. Bí mo bá ti sọ èyí, ojú tí wọ́n fi ń wo iṣẹ́ náà máa ń yí padà kí a tó dárúkọ owó.

Ó wá ku “Kí lo tún rà?” Ìbéèrè yẹn dára gan-an. Ọjọ́ tó kó aṣọ wá ló yẹ kó ti gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀yìn nìkan. Bẹ́ẹ̀dì 6 ní 6 jẹ́ ínṣì 72 ní 72. Quilt gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí náà fi ínṣì 9 kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó di 90 ní 90. Aṣọ ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ fi ínṣì mẹ́rin ju iwájú lọ yí ká, torí bí a bá ti ń rán an, ó máa ń fà wọlé. Ó di 98. Fífẹ̀ ankara kò ju nǹkan bí ínṣì 45 lọ. Bí o bá so fífẹ̀ méjì pọ̀, o kò ní í tó 90, ká má tíì sọ 98. Fífẹ̀ mẹ́ta lo máa lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gígùn ínṣì 98, ìyẹn ínṣì 294, tó ju yáàdì mẹ́jọ lọ. Odidi ìdìpọ̀ yáàdì mẹ́fà kò tó bo ẹ̀yìn quilt kan fún bẹ́ẹ̀dì yẹn! Lẹ́yìn ìyẹn ni òwú pẹlẹbẹ tó ń wà láàárín, èyí tí kò sí nínú àpótí ìyá ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbátí, ọ̀já tí a fi ń ká etí rẹ̀: yíyíká quilt náà jẹ́ ínṣì 360, ọ̀já mẹ́sàn-án tó fẹ̀ tó ínṣì méjì ààbọ̀ lo máa gé fún un. Gum stay tó ń di sátíìnì àti aṣọ tó ń fà mú, òun náà lówó lórí. Bí o bá fi tépù wọn èyí níwájú oníbàárà, tí o jẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí i pé yáàdì mẹ́jọ ni ẹ̀yìn nìkan, kò tún ní í bi ọ́ ní ohun tí o rà. Mo ti rí i kí oníbàárà dìde lọ́dọ̀ mi lọ sí ọjà aṣọ ní Gbági kó ra aṣọ ẹ̀yìn wá fúnra rẹ̀. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn ju kí n rà á kí n wá máa ṣàlàyé lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ní láti sọ irú èyí tó máa rà, kó má baà kó aṣọ tó máa ń ṣí àwọ̀ wá.

Lẹ́yìn ohun èlò, iye ègé ló kù, ibẹ̀ sì ni àwa oníṣẹ́ ti ń pa ara wa jù. Fọ́tò máa ń fi àwòrán hàn, kì í fi iye ègé hàn. Bí ẹ̀gbẹ́ ègé kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ínṣì mẹ́fà, 15 lọ́nà 15 ló máa bo 90 ní 90, ó jẹ́ ègé 225. Bí ó bá jẹ́ ínṣì mẹ́rin, bó tilẹ̀ wálẹ̀ sí 88 ní 88, ó ti di 484. Bí ó bá jẹ́ ínṣì mẹ́ta, 900 ni. Wò ó dáadáa: mẹ́ta jẹ́ ìdajì mẹ́fà, ṣùgbọ́n ègé náà di ìlọ́po mẹ́rin. Gbogbo ègé yẹn la máa wọ̀n, gé, lọ̀, rán, tún lọ̀. Aránṣọ tó bá ń dá owó kan náà lé gbogbo quilt 6 ní 6 láìbéèrè bí ègé ṣe máa tóbi tó, yóò jèrè lórí ọ̀kan, yóò sì fi èyí tó tẹ̀lé e ṣe sàráà. O kò sọ fún mi bí ègé tìrẹ ṣe tóbi tó. Ìyẹn gan-an jẹ́ kí n fura pé ìwọ náà kò kà á.

Mo ní ìwé kan tí mo máa ń kọ wákàtí mi sí láti ìgbà tí mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí ní Houston, ní Amẹ́ríkà, nígbà tí mo lọ bá ọmọ mi tọ́jú ọmọ tuntun ní 2009. Èyí tó jọ tìrẹ, ègé 225 láti inú aṣọ àtijọ́, lórí ẹ̀rọ ìránṣọ lásán, rí báyìí: títú aṣọ, fífọ̀, lílọ̀ àti lílẹ stay, wákàtí mẹ́jọ, gígé, mẹ́rin, títò ó sílẹ̀ kí àwọ̀ tó jọra má baà pàdé, méjì, rírán iwájú, mẹ́sàn-án, síso ẹ̀yìn, ọ̀kan, títẹ́ ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti fífi pín-ìnnì há a, mẹ́ta, rírán ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra, méjìlá, ìgbátí, márùn-ún. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 44. Fi 44 pín ₦7,000, kò tó ₦160 fún wákàtí kan. Láti 2024, ₦70,000 ni òfin ìjọba àpapọ̀ pè ní owó oṣù tó kéré jù. Ẹni tó bá ń fi wákàtí 40 ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ lórí iye yẹn ń gba nǹkan bí ₦400 fún wákàtí kan, gbogbo wa la sì mọ̀ pé kò tó jẹun. Ìwọ tí o kọ́ṣẹ́, tí o ra ẹ̀rọ, tí o ń sanwó ṣọ́ọ̀bù, o kò gbà tó ìdajì ìyẹn.

Báwo wá ni ká ṣe dá owó lé e? Ọ̀nà mẹ́ta ni mo ti gbìyànjú. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ní ẹ̀rọ gígùn tó ń rán ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra sábà máa ń fi ínṣì onígun mẹ́rin díwọ̀n, sẹ́ńtì mélòó kan lórí ínṣì kọ̀ọ̀kan. Ó kéré bí ó bá jẹ́ àwòrán kan náà láti etí dé etí, ó sì ń lọ sókè bí ibì kọ̀ọ̀kan bá ní àwòrán tirẹ̀. Ó dára fún wọn torí pé oníbàárà ti rán iwájú fúnra rẹ̀ wá. Fún àwa tí à ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò gba iye ègé rò. Èkejì ni kí o sọ wákàtí fún oníbàárà. Ó jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n á ní ṣe lo mọ̀ọ́mọ̀ ń fà á kí owó lè pọ̀. Ẹ̀kẹta ni mo ń lò: mo máa ń fi wákàtí ṣírò fún ara mi ní kọ̀rọ̀, mo sì máa ń fi iye kan ṣoṣo fún oníbàárà, tí mo pín sí méjì níwájú rẹ̀, owó ohun èlò àti owó iṣẹ́. Owó ohun èlò, ó máa san gbogbo rẹ̀ kí n tó jáde lọ rà á. Owó iṣẹ́, ìdajì kí abẹ tó kan aṣọ, ìdajì lọ́jọ́ tó bá wá gbé e. Ká ní o fẹ́ gba ₦1,500 fún wákàtí kan, 44 jẹ́ ₦66,000. Fi ₦38,000 kún un, ó jẹ́ ₦104,000, èrè ṣọ́ọ̀bù kò tíì sí níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé àyà rẹ já. Àyà tèmi náà já nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yẹn. Mi ò ní í sọ fún ọ pé gbogbo ènìyàn ní àdúgbò rẹ ló máa san án, torí kì í ṣe òótọ́. Àwọn kan á kí ọ pé o dáa, wọ́n á sì lọ. Ohun tó gba mí là ni pé mi ò fi quilt bẹ́ẹ̀dì lọ gbogbo ènìyàn mọ́. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, mo máa ń fi èyí tó kéré hàn án: 36 ní 36 tí wọ́n lè fi kọ́ ara ògiri, ègé 36 péré, fífẹ̀ aṣọ kan sì tó fún ẹ̀yìn rẹ̀. Tàbí 48 ní 60 fún ìbora lórí àga, ègé 80. Tàbí ìrọ̀rí méjì. Ìrántí ìyá ẹni kò fi bí aṣọ ṣe tóbi díwọ̀n. Mo ti rí ọkùnrin tó di ìrọ̀rí kékeré kan mú, tí omi bọ́ lójú rẹ̀, ju ẹni tó gba ti bẹ́ẹ̀dì ńlá lọ.

Wọ́n á dúnàádúrà, dájúdájú. Yorùbá ni wá. Má ṣe bínú sí i, má sì ṣe sọ pé o kì í gba ẹ̀dínwó, torí ó máa ń dún bí ìgbéraga létí àgbà. Ìlànà tèmi ni pé bí owó bá máa wálẹ̀, iṣẹ́ náà á bá a wálẹ̀. “Ẹ má bínú mà, iye yẹn kò ní í lè gbé ti bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n ó lè gbé ti orí àga. Àbí kí n lo ègé ínṣì mẹ́sàn-án dípò mẹ́fà?” Ínṣì mẹ́sàn-án fún 90 ní 90 jẹ́ ègé 100 dípò 225, wákàtí ti dínkù gidi níbẹ̀, owó sì lè dínkù láìsí pé o ń san án láti inú àpò rẹ. Àwọn tí mo máa ń fún ní ẹ̀dínwó láìdín iṣẹ́ kù kò ju ẹbí mi tó súnmọ́ mi lọ, mo sì máa ń kọ iye tí ó yẹ kó jẹ́ sí ìwé kí n tó yọ ẹ̀dínwó náà, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ̀bùn ni mo fún wọn. Ẹ̀bùn tí a kò dárúkọ máa ń di iye ọjà lọ́dọ̀ ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu wọn.

Ní ti “kò wú”, mo gbà pé òótọ́ ló sọ, mo sì gbà pé kì í ṣe pé iṣẹ́ rẹ kò dára. Ohun mẹ́rin ló ń mú quilt wú: irú òwú tó wà láàárín, bí òwú náà ṣe nípọn tó, bí ìlà tí a rán ṣe jìnnà síra tó, àti bóyá a ti fọ̀ ọ́. Òwú gidi máa ń pẹlẹbẹ. Pọlíẹ́sítà máa ń wú jù ú lọ. Bí ìlà bá sún mọ́ra, ó máa ń tẹ òwú mọ́lẹ̀. Bí a bá fọ quilt olówùú, òwú náà máa ń sún kì, aṣọ á sì hunjọ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ fọ́tò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa, lẹ́yìn fífọ̀ ni wọ́n yà á, nínú ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó ń mú kí gbogbo òkè àti kòtò hàn. Ta ló lè mọ ìyẹn lórí fóònù? Nítorí náà, mi ò ń gba fọ́tò bí àdéhùn mọ́. Mo rán ègé méjì tó fẹ̀ tó ínṣì 12, ọ̀kan pẹlẹbẹ, ọ̀kan wíwú, wọ́n wà lórí tábìlì mi. Oníbàárà á fọwọ́ kàn án, á mú ọ̀kan, mo sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé èyí ló mú. Fọ́tò rẹ̀, mo máa ń bi í pé, “Kí ló wù yín gan-an níbẹ̀?” Ẹ̀ẹ̀kan, ẹni tó ní irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ lòun fẹ́ sọ fún mi pé àwọ̀ ìgbátí rẹ̀ nìkan ló wu òun.

Ọ̀rọ̀ bí ojú oníbàárà ṣe yàtọ̀ sí ojú oníṣẹ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní Alabama, ní Amẹ́ríkà, ní 1966, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Freedom Quilting Bee, nígbà tí ìjà ẹ̀tọ́ ìdìbò ṣì gbóná. Àwọn ìyá wọ̀nyí ti ń fi àjákù aṣọ iṣẹ́ oko ṣe quilt láti kékeré, bó bá ṣe wá sí wọn lọ́kàn ni wọ́n ṣe ń tò ó. Nígbà tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọjà wọn, àwọn yẹn fẹ́ kí ìwọ̀n bá ara wọn mu, kí èyí àkọ́kọ́ jọ èyí ìkẹyìn. Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ dáadáa ní láti tún kọ́ ohun tí ẹlòmíràn ń pè ní dáadáa. Mo máa ń rántí wọn bí oníbàárà bá ní ohun tí mo fi gbogbo ọkàn ṣe kò rí bóun ṣe fẹ́.

Ohun kan wà tí o kò béèrè tí mo gbọ́dọ̀ sọ, torí aṣọ ẹni tó ti lọ ni ò ń gé. Ìgbà kan, ọkùnrin kan gbé aṣọ ìyá rẹ̀ wá fún mi. Mo ti gé mẹ́rin nínú wọn, títí kan sányán kan tó rọ̀ bí awọ ọmọ tuntun, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó gbọ́. Ó wọ ọkọ̀ wá láti Ìlọrin. Kò pariwo. Ó kàn mú ègé sányán náà lórí tábìlì mi, ó ń gbìyànjú láti tò ó padà, ó ń bi mí pé ta ló ní kí n gé aṣọ ìyá àwọn. Kò sí èsì tí mo lè fún un. Aṣọ tí abẹ bá ti kàn kò ní àbọ̀. Mo rán ìyókù sí mẹ́ta kéékèèké, ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, mi ò gba kọ́bọ̀, síbẹ̀ mi ò rò pé mo san gbèsè náà tán. Láti ọjọ́ náà, bí aṣọ bá jẹ́ ti olóògbé, mo máa ń béèrè iye ọmọ tó bí, mo sì máa ń fẹ́ gbọ́ ohùn àwọn tó kù, ì báà jẹ́ lórí fóònù, pé wọ́n mọ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ohun tí ìyá fi sílẹ̀, gbogbo ọmọ rẹ̀ ló ni ín.

Aṣọ àtijọ́ fúnra rẹ̀ tún ní ìṣòro tó yẹ kí oníbàárà gbọ́ ṣáájú. Èyí tó ti pẹ́ nínú àpótí máa ń gbó lójú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po. Gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, o máa rí i. Àdìrẹ aláró lè ṣí sára léèsì funfun nígbà àkọ́fọ̀. Fi aṣọ funfun tútù lé e, fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́, bí àwọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn, sọ fún oníbàárà, má sì gbẹ́kẹ̀ lé iyọ̀, kò ní í dá a dúró. Bí aṣọ kan kò bá ṣe é lò, fi hàn án kó tó lọ, dá a padà fún un lójú ẹsẹ̀. Ka gbogbo aṣọ níwájú rẹ̀, ya fọ́tò wọn, sì kó gbogbo àgékù padà fún un sínú àpò, títí dé èyí tí kò ju ìka lọ. Orúkọ tí wọ́n fún télọ̀ nílẹ̀ wa lórí jíjí aṣọ gé kò dára, àgékù aṣọ òkú sì tún ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù lọ́nà tí wọn kì í sọ lójú rẹ.

Gbogbo èyí ni mo ń kọ sí ojú ìwé kan, ní Yorùbá, tí oníbàárà fọwọ́ sí tí mo fún un ní ẹ̀dà: ìwọ̀n, bí ègé ṣe tóbi tó, irú òwú, owó ohun èlò, owó iṣẹ́, ọjọ́ tí á gbé e. Mo máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé iye náà wà fún ọjọ́ 14 péré. Ojú wa kọ́ ló ṣe ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, nígbà tí wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ? Mo ní iṣẹ́ mẹ́ta nílẹ̀ tí mo ti dá owó lé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, owó epo jẹnẹrétọ̀ fò lọ sókè, owó ọkọ̀ tẹ̀lé e, òwú tẹ̀lé e, èmi ni mo sì gbé gbogbo rẹ̀. Ìwé kì í mú kí ẹni tí kò fẹ́ san san, mi ò sì tíì gbé oníbàárà lọ sí kóòtù rí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ọ̀rọ̀ tó le ti wáyé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí kò tíì sẹ́ni tí inú ń bí. Èmi náà ṣì máa ń ṣì í ṣe. Lọ́dún tó kọjá, mo sọ pé wákàtí 30 ni quilt kan máa gbà, ó gba 52, mo gbé àdánù náà jẹ́ẹ́, torí èmi ni mo dárúkọ iye.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ àgbà ìjọ yín. Má béèrè ju ₦45,000 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò gbọ́ iye kankan kó tó jáde lọ́jọ́ tó kó aṣọ wá, ẹ̀bi ìyẹn wà lọ́rùn rẹ. Lọ bá a nílé, kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe lórí WhatsApp. Gbé tépù dání, gbé rìsíìtì ohun tí o rà dání. Kúnlẹ̀ kí i, kí o sì sọ pé, “Mà, èmi ni mi ò sọ iye fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ forí jì mí. Ohun tí mo rà sí i nìyí.” Tẹ́ quilt náà sílẹ̀, wọn ẹ̀yìn rẹ̀ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, sọ fún un pé ó lè san ₦30,000 tó kù ní ìgbà méjì. Bí ó bá kọ̀ jálẹ̀, má ṣe wálẹ̀ ju ₦38,000 lápapọ̀ lọ. Ìyẹn jẹ́ owó tó ti jáde lápò rẹ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ lo fi san ẹ̀bi tìrẹ nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá ní òun fẹ́ kó wú sí i, sọ òótọ́ fún un pé a kò lè yọ òwú àárín padà láìtú gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n pé bí ó bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú omi tútù, tó bá jẹ́ òwú gidi lo lò, ó máa hunjọ díẹ̀. Dán àdìrẹ náà wò fún ṣíṣí àwọ̀ kí o tó gbà á nímọ̀ràn yẹn o.

Bí ó bá sì lọ láìsan, má ta quilt náà, má sì gbé fọ́tò rẹ̀ síta láti fi bú u. Aṣọ ìyá rẹ̀ ni. Wé e sínú aṣọ funfun, má fi ọ̀rá wé e, torí ọ̀rá máa ń há ooru àti omi mọ́ aṣọ tí á sì hu. Kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ sí i lára. Nígbà tí ìrántí ọdún ìyá rẹ̀ bá ń sún mọ́, fi ìkíni ránṣẹ́ sí i, kí o sì sọ fún un pé ó ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ, ó mọ́, ó sì ń dúró dè é.